Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Larry Holmes

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ibi tí ọmọdé ń sáré lọ ló kàn án, ṣùgbọ́n àgbà yóò yíjú padà kí ó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Àwa tí a ń ṣe ìdájọ́ akànṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni òwe yìí ń bá wí, nítorí ìṣubú rẹ̀ ìkẹyìn la máa ń rántí, a kì í sì í bèèrè ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká wo Larry Holmes, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 1980, ó na Muhammad Ali, ẹni tó ti bá ṣe ìgbáradì rí, títí tí Angelo Dundee, olùkọ́ni Ali, fi dá ìjà náà dúró lẹ́yìn abala kẹwàá. Ẹni ọdún 38 ni Ali nígbà náà, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti jà kẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, Mike Tyson, ọmọ ọdún 21, gbá Holmes fúnra rẹ̀ lulẹ̀ ní abala kẹrin. Ẹni ọdún 38 ni òun náà nígbà yẹn, ó sì ti lé ní ọdún kan àbọ̀ tó ti jà gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní ọjọ́ ogbó ló na Ali, tó tún wá ní Tyson ló fi hàn pé Holmes kò tó nǹkan, òṣùwọ̀n méjì ló gbé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olólùfẹ́ Holmes tó ń fi ìṣẹ́gun lórí Ali yangàn, tó sì ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló jẹ́ kí Tyson borí Holmes.

Ẹ̀yìn tí ó yẹ ká wò ni ìgbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, òun àti Ken Norton ja abala mẹ́rìnlá, ọgbọọgba sì ni wọ́n wà lójú àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó ti rẹ àwọn méjèèjì tẹnutẹnu, wọn kò sá fún ara wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń kàn án fún ara wọn ní àkànpadà, àmì kan ṣoṣo sì ni adájọ́ méjì fi gbé oyè àgbáyé fún Holmes. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Earnie Shavers fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e ṣánlẹ̀ ní abala keje, ẹ̀ṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì bá tí dìde nídìí rẹ̀. Holmes dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì borí Shavers ní abala kọkànlá. Èmi kò mọ ẹ̀rí ìgboyà tó ju èyí lọ.

Iye ìjà tí ẹnìkan kò fìdí rẹmi nínú wọn kò tó láti fi dájọ́. Ìṣẹ́gun 48 ni Holmes ní kí Michael Spinks tó borí rẹ̀ ní ọdún 1985, ọ̀kan péré ló kù kí ó bá Rocky Marciano, akànṣẹ́ tó ja ìjà 49 láìfìdí rẹmi, dọ́gba. Ohun tó ti ṣe sí Norton àti Shavers kò yí padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bí a bá sì yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ìfìdírẹmi, ó di dandan ká fi í kún ìṣẹ́gun. Ẹni ọdún 42 ni Holmes nígbà tó na Ray Mercer, akànṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí rẹ̀, ní ọdún 1992. Ìjà yẹn wúwo lójú mi ju ti Ali lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ wo ibi tó dára nìkan. Ní ọdún 1983, àwọn adájọ́ kò fohùn ṣọ̀kan nígbà tí wọ́n fún Holmes ní ìṣẹ́gun lórí Tim Witherspoon, Holmes kò sì fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà láǹfààní àtúnjà. Gbèsè ni, ó sì yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogún ìgbà tó fi dáàbò bo oyè rẹ̀.