Ká ní Chris Farley kò kú, Shrek tí ẹ mọ̀ yẹn kì bá tí sí

Ó ti di ohun tí gbogbo èèyàn gbà láìjiyàn: ká ní ikú kò tètè mú Chris Farley, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, lọ ni, òun ni ìbá jẹ́ ohùn Shrek nínú fíìmù àwòrán tó ń jẹ́ Shrek, fíìmù náà ìbá sì ti sọ ọ́ di ọ̀gá gbogbo aláwàdà Amẹ́ríkà títí dòní. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ìdajì rẹ̀ ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, ìdajì kejì kò ní rárá.

Ti Shrek ni ká kọ́kọ́ wò. Òótọ́ ni pé Farley ni ilé-iṣẹ́ fíìmù DreamWorks gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tó máa fi kú ní Chicago, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1997, lọ́mọ ọdún 33, ó ti ka ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 ọ̀rọ̀ tí Shrek máa sọ. Ohun tí àwọn èèyàn wá ń rò ni pé ńṣe ni wọ́n kàn yọ ohùn kan kúrò, tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Shrek ti Farley jẹ́ ọ̀dọ́langba tí kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, tó ń wù ú kó di jagunjagun orí ẹṣin. Nígbà tí Mike Myers, aláwàdà mìíràn, gba iṣẹ́ náà, ó ní kí wọ́n lọ tún ìtàn náà kọ. Wọ́n kọ ọ́. Ó ka ti ẹ̀ tán, ó wò ó, ó ní òun fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ kà bí ará Scotland ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún gbà fún un. Abàmì ẹ̀dá aláwọ̀ ewé tó máa ń kanra, tó fẹ́ kí gbogbo ayé fi òun sílẹ̀ nínú àbàtà òun, ti Myers ni. Fíìmù yẹn ló jáde ní 2001, òun náà ló gba Oscar àkọ́kọ́ tí wọ́n fún fíìmù àwòrán (animation) gígùn. Bí Farley bá wà láyé, fíìmù mìíràn la máa wò, ó sì lè má tà tó èyí.

Díẹ̀ nínú iṣẹ́ Farley jáde síta ní 2015. Àwòrán tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà ni, Shrek àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nídìí iná lálẹ́, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Farley ò yí ohùn padà. Ohùn ara rẹ̀ ló lò, ó rọlẹ̀, ó ń tijú, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ràn òun. Kò sí ariwo níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ariwo lọjà tó ń tà látẹ̀yìnwá.

Ní ti pé ó ń gòkè lọ nígbà tó kú, àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ wo owó tó wọlé. Nínú àwọn fíìmù rẹ̀, Tommy Boy jáde ní 1995, Black Sheep ní 1996, Beverly Hills Ninja ní 1997. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta, iye kan náà, kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Tommy Boy tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ lónìí pàápàá, ọ̀pọ̀ alárìíwísí ló bú u nígbà náà. Farley ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò fún fíìmù The Cable Guy. Jim Carrey, aláwàdà mìíràn, ló padà ṣe é, wọ́n sì san mílíọ̀nù 20 dọ́là fún un. Almost Heroes tó jáde lẹ́yìn ikú Farley, ní 1998, kò pa ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà lọ.

Wọ́n á ní, “Wo Adam Sandler, aláwàdà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó di ọlọ́lá.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọdún 1990 ni àwọn méjèèjì wọ Saturday Night Live, ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọdún 1995 ni wọ́n jọ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sandler wà lára àwọn tó kọ àwọn fíìmù rẹ̀ Billy Madison àti Happy Gilmore, nígbà tó sì di 1999 ó ti dá ilé-iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn bá kọ ni Farley ń ṣe. Òǹkọ̀wé àwàdà, Bob Odenkirk, ló kọ Matt Foley, ẹ̀dá inú eré tí Farley ṣe, oníwàásù ìyànjú tó ń gbé inú ọkọ̀ létí odò. Farley ló fi gbogbo ara sọ ọ́ di àrámáǹdà, tó fi wó lu tábìlì tí tábìlì sì fọ́ túútúú. Èèyàn á ṣe ìyẹn ní ẹni ọgbọ̀n ọdún o. Ní àádọ́ta ńkọ́?

Ohun kan tún wà tí kò yé mi nínú àròsọ yìí: ikú nìkan ni wọ́n máa ń yọ kúrò, wọ́n á fi egbòogi olóró sílẹ̀. Kokéènì àti mọ́fíìnì ló pa á. Ó ti gba ìtọ́jú nígbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó padà lọ ṣe olóòtú Saturday Night Live ní oṣù Kẹwàá 1997, ohùn rẹ̀ ti há, òógùn ti bò ó. Ẹni tó bá ní “ká ní kò kú,” ká ní ó jáwọ́ ló ń sọ, ìyẹn sì ju kí òru ọjọ́ kan kọjá láìséwu lọ.

Bó bá jáwọ́, mo rò pé á ṣe fíìmù méjì-mẹ́ta tí ò ní lórí, kí Sandler tó wá fà á wọ tirẹ̀. Sandler kì í gbàgbé ọ̀rẹ́: David Spade àti Chris Rock tí wọ́n jọ wà ní Saturday Night Live wà nínú fíìmù rẹ̀ Grown Ups ní 2010, Farley náà kò ní ṣaláì sí níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn síbẹ̀. Èyí tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà pé kí Farley ṣe Roscoe Arbuckle nínú fíìmù kan, kí òǹkọ̀wé eré David Mamet sì kọ ọ́. Arbuckle, aláwàdà sísanra ìgbà fíìmù aláìlóhùn, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ikú obìnrin kan kàn ní 1921, tí ilé ẹjọ́ dá a láre ní 1922, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò. Ohùn rírọ̀ tó wà nídìí iná yẹn ló máa lò fún un.