Kì í ṣe ohun dídùn ló fa ìtọ̀ ṣúgà ọmọ náà

"Ẹ ti fún un ní nǹkan dídùn jù." Ọ̀rọ̀ yìí ni òbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tó bá délé. Ẹbí ń sọ ọ́, aládùúgbò ń sọ ọ́, àwọn tó fẹ́ràn ọmọ náà dọ́kàn gan-an ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ síni lójú á béèrè pé, "Kí lẹ ti ń fún un jẹ látẹ̀yìnwá?" Ẹjọ́ sì ti parí nínú ìbéèrè yẹn. Èmi náà ń tọ́ ọmọ tó ní àìsàn yìí. Ó kéré débi pé kò tíì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ kó yé gbogbo ẹni tó bá ka èyí pé irọ́ ni. Suwíìtì kọ́ ló fa á, bisikíìtì kọ́, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kọ́. Gbígba ohun dídùn lọ́wọ́ ọmọ náà kò sì lè wò ó sàn. Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé gbígbà á gan-an ló lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn tí wọ́n ń pè ní pancreas. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pèsè insulin, insulin yìí ló sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ráyè wọ inú ẹran ara lọ di agbára. Ní ti ọmọ tó ní irú kìíní, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn, fi ará ilé pe ọ̀tá. Wọ́n dojú kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, wọ́n sì ń pa wọ́n run díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó oṣù mélòó kan, àní ó lè tó ọdún bíi mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ipasẹ̀ ìjà náà hàn nígbà tí ọmọ ṣì ń sáré kiri ilé, tí ṣúgà ara rẹ̀ ṣì wà bó ṣe yẹ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ teplizumab, tí wọ́n ń fún ẹni tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àìsàn kò tíì yọjú tán, kó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Àwọn ọmọ ogun ara ni oògùn yẹn ń pẹ̀tù sí. Kò bá suwíìtì sọ ohunkóhun.

Àbùdá tí a bí mọ́ni wà lára ohun tó ń fà á, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ní in ni kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé wọn tó ní in rí. Irú kejì, tó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Níbẹ̀, ara ṣì ń pèsè insulin ṣùgbọ́n kò gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́, ara tó sanra jù àti ìjókòó sójú kan sì máa ń dá kún un. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yẹn ni wọ́n gbé wá sórí ọmọ ọdún mẹ́ta.

Mo mọ ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí fi ta gbòǹgbò. Ohun tí àwọn èèyàn fojú ara wọn rí ni. Nígbà tí insulin bá ń tán lára ọmọ, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á máa dà á jáde pọ̀ mọ́ omi, ọmọ á máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́ tọ̀sán tòru. Oúnjẹ tó ń jẹ kò di agbára fún un, torí náà ebi ń pa á, ara rẹ̀ kò sì gbé kánkán. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ tó báyìí, tó sì rẹ̀, kí ló máa tọrọ? Ohun mímu tó dùn. Wọ́n á fún un, á gbé e mu tán, á tún sunkún òmíràn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á gbọ́ orúkọ àìsàn, gbogbo ilé á sì rántí ìgò tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á ní òun ló fa á. Ó ṣe tán, àìsàn náà ló ní kó máa wá ìgò kiri.

Ìmọ̀ràn tó máa ń tẹ̀ lé ẹ̀sùn náà ni pé, "Ẹ ṣáà gba gbogbo ohun dídùn kúrò níwájú rẹ̀, á lọ." Wọ́n ti dán èyí wò rí, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ló sì dán an wò. Kí insulin tó dé, Frederick Allen ní Amẹ́ríkà àtàwọn tó tẹ̀ lé e kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju pé kí wọ́n dín oúnjẹ aláìsàn kù, kì í sì ṣe ohun dídùn nìkan. Wọ́n á dín in kù títí ọmọ á fi rù kan eegun. Ó máa ń fi oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan, ọdún méjì, kún ọjọ́ ayé wọn. Àìsàn pa àwọn kan, ebi pa àwọn mìíràn. Elizabeth Hughes, ọmọ Charles Evans Hughes tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n fi sórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Toronto ní Kánádà lóṣù kẹjọ ọdún 1922, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 15, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 20 lọ. Frederick Banting, tí òun àti Charles Best ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn lórí insulin ní 1921, ló ń gún un lábẹ́rẹ́ insulin. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó dàgbà, ó bímọ, 1981 ló tó kú. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní insulin, gba tirẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1922 kan náà. Ká ní àìjẹ ohun dídùn lè wo àìsàn yìí ni, àwọn ọmọ tó kú ṣáájú ọdún yẹn ì bá yè é.

Ọmọ tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀ pàápàá ṣì nílò insulin, torí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa pé lọ́jọ́ tí òtútù bá mú un tàbí tó ń bì, a ò gbọ́dọ̀ dá insulin dúró torí pé kò jẹun. Dókítà lè ní ká dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí ká fi kún un, ṣùgbọ́n ká pa á tì, rárá o.

Nínú ilé wa, a kì í béèrè bóyá oúnjẹ dùn tàbí kò dùn ká tó fún un. Ohun tí à ń béèrè ni iye carbohydrate tó wà nínú rẹ̀, torí búrẹ́dì, ìrẹsì, èso àti mílíìkì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, yálà ahọ́n mọ̀ ọ́n ní adùn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Tí dókítà bá ní kí yúníìtì insulin kan lọ fún gíráàmù 20, ọmọ tó fẹ́ jẹ 30 á gba kan ààbọ̀. Ọmọ mi ń jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A máa ń ṣírò rẹ̀, a máa ń gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ń jẹ ẹ́. Mi ò ní kí wọ́n máa rọ ohun dídùn fún un láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun mímu aládùn máa ń sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bí insulin ṣe lè bá a lọ, torí náà a kì í fún un láti fi pa òùngbẹ. Omi ló ń mu. Eyín rẹ̀ náà ń jàǹfààní níbẹ̀, bíi ti ọmọ yòówù.

Ibi tó le jù ni ti ọmọ kékeré tí kò gbà pé dandan ni kí òun jẹun tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti wọn oúnjẹ, mo ti gún un lábẹ́rẹ́ nítan, ó jẹ ṣíbí díẹ̀, ó pa ẹnu dé pinpin, ó yí orí sẹ́yìn. Insulin tó ti wọlé kò ṣeé fà jáde mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kọrin fún un, kò gbà. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nítorí bọ́ọ̀lù tó yí lọ sábẹ́ àga, ẹkún tí kò bá ọ̀rọ̀ náà mu rárá. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó tutù, ó sì ti làágùn. Ètè rẹ̀ funfun. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní 58. Mo gbé omi ọsàn sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wá kí wa dìde fùú, wọ́n di ife náà mú.

"Ọmọ mi, nǹkan tó ń pa á náà lo tún ń fún un mu?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi sílẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Tí kò bá mu ún, á dákú."

Wọ́n fi ife sílẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọmọ náà mu ún. Wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, títí ètè rẹ̀ fi pọ́n padà tó sì ń béèrè bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n di ife náà mú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bínú sí wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé irú ìfẹ́ yẹn lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí mi ò sí nílé, tàbí níléèwé, lọ́wọ́ olùkọ́ tí wọ́n ti sọ fún pé ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ṣúgà.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá òbí kan tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ti wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ tó ń lo òǹkà mg/dL, tàbí 3.9 lórí èyí tó ń lo mmol/L, ṣúgà tó yára ni oògùn: omi èso, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà gidi, tàbí glucose. Ìwọ̀n tí dókítà kọ fún ọmọ náà ni kẹ́ ẹ fún un, torí tọmọdé kéré sí tàgbà. Ṣokoléètì kò dára fún iṣẹ́ yìí, ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń fà á sẹ́yìn. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ti dákú tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kó má bàa gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ lo glucagon, oògùn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, tó bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ lóru, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ tó fi gbogbo ara ṣeré, torí ara á ṣì máa fa ṣúgà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn eré. Ìdí nìyẹn tí òbí ọmọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ní ojú oorun láàárọ̀. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tó ń fún irọ́ náà lágbára. Lẹ́yìn tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ insulin, àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú pancreas lè rí ìsinmi, kí wọ́n tún gbìyànjú díẹ̀ sí i. Insulin tó nílò á wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹni tó ti gba ṣúgà kúrò nínú ilé á ní iṣẹ́ òun ni. Ẹni tó ń ta oògùn á ní tòun ni, á sì ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró. Àkókò náà máa ń dópin. Ọmọ tí wọ́n bá sì ti dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lè wọ inú ewu láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù fún ni ọmọ tí wọn ò tíì mọ̀ pé ó ní in. Òbí rẹ̀ ń rí i tó ń rù, wọ́n ń rò ó pé, "Tiwa kò fẹ́ràn nǹkan dídùn, kò lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà." Ọjọ́ ń lọ. Tí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn bá tún bẹ̀rẹ̀, tó ń mu omi bí ẹni tí kò mu ún rí, tí aṣọ rẹ̀ ń tóbi sí i lára, ẹ má dúró dọ̀la. Tó bá ti ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí kíákíá tí mímí náà sì jinlẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti kẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ní òtútù lásán ni tàbí inú rírun, ẹ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.