Ẹ yéé gbé táyà tòkunbọ̀ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ asáré

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta táyà ní Àkúrẹ́, láti Arákalẹ̀ títí dé ọ̀nà Ìlẹ́ṣà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́: "Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà o. Belgium ni. Tuntun China yẹn ò lè bá yín dé Ọ̀wọ̀." Àwọn fọ́kánáìsà ń sọ ọ́, àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Lexus IS tàbí BMW náà ti gbà á gbọ́. Wọ́n á náwó gọbọi sórí ọkọ̀, wọ́n á wá lọ fi táyà tí ẹlòmíràn ti lò jù sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Irọ́ ni pé tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ. Irọ́ tó lè pani ni, ẹni tó ń wa ọkọ̀ asáré ló sì léwu fún jù.

Àwọn èèyàn kò ṣàdédé gbà á gbọ́ o. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop náà dá táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ọjà wa ṣe di ti táyà àkówọlé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò dáa. Òmíràn tiẹ̀ dáa nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́, àmọ́ àwọn kan máa ń ki mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí kọ̀ntéénà lè gba púpọ̀. Wáyà inú táyà á ti tẹ̀ kó tó dé Èkó. Ẹni tó ra irú ẹ̀, tó sì bẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ò lè sọ fún un pé tuntun dáa kó gbà. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ká kọ́ bá a ṣe ń dá tuntun gidi mọ̀ ló yẹ ká ṣe, ká má sá lọ bá èyí tó ti darúgbó.

"Ó le dáadáa" ni ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá. Ẹni tó ń tà á á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò ní tẹ̀. Á gbá a mọ́lẹ̀, á dún gbì. Líle yẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀. Bí rọ́bà bá ṣe ń pẹ́ ló ń gan sí i, afẹ́fẹ́ ni ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ooru sì máa ń jẹ́ kó yá. Kò dìgbà tí wọ́n bá ń wà á. Táyà tí wọ́n tò sínú oòrùn ní iwájú ṣọ́ọ̀bù ń darúgbó níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀, wọ́n dìídì ṣe táyà ọkọ̀ asáré kí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ni. Rírọ̀ yẹn ló fi ń di ọ̀dà mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba kọ́nà tàbí tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì. Tó bá ti gan, á máa yọ̀, pàápàá lójú òjò, bó ti wù kí ilà ojú rẹ̀ jìn tó.

Ẹ rántí Paul Walker, òṣèré Amẹ́ríkà tó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Inú Porsche Carrera GT ló wà ní Santa Clarita, ní California, Roger Rodas ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wà á, àwọn méjèèjì ló sì bá a lọ. Nígbà tí ìwádìí parí lọ́dún 2014, wọ́n ní eré àsápajúdé ló fà á: ọkọ̀ náà ń sáré tó kìlómítà 130 sí 150 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n wọ́n mẹ́nu ba táyà náà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní ọjọ́ orí yẹn lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣe é darí dáadáa. Ẹ́ńjìnì Carrera GT kì í ṣe kékeré, àmọ́ gbogbo agbára rẹ̀, ojú táyà tó fara kan ilẹ̀ yẹn ló ń gbà kọjá.

Èyí tó tún burú ni pé púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tá à ń rà, táyà ìgbà òtútù ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n bá òun lọ wo táyà ẹ̀yìn méjì fún Lexus IS 250 rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á fa ọ̀kan yọ tó ń dán: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ẹ̀, ó ṣì kún. Jámánì ni." Ojú ẹ̀ kún lóòótọ́. Mo ní kó bá mi fi omi nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn ún. Bó ṣe nù ún ni àwòrán kékeré kan yọ, òkè onígóńgó mẹ́ta, àmì yìnyín bí ìràwọ̀ wà láàárín rẹ̀: àmì táyà ìgbà òtútù nìyẹn. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, jẹ́ 3814. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ọkùnrin náà sọ pé òun ò mọ̀ pé àmì yẹn ní ìtumọ̀ kankan, mo sì gbà á gbọ́.

Ní Jámánì, òfin ni pé kí èèyàn lo irú táyà bẹ́ẹ̀ tí yìnyín bá bo ọ̀nà. Ojú ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí Celsius ni wọ́n ṣe é fún. Àkúrẹ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, kódà láàárọ̀ ọyẹ́. Tí kò bá tíì gbó, ooru wa á mú kó rọ̀ jù, á máa jẹ kíákíá, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró. Tó bá ti gbó, ó ti gan nìyẹn. Kò sí èyí tó ṣe é sáré lé lórí nínú méjèèjì.

Ẹ tún rò ó: kí ló dé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni táyà náà fi bọ́ ọ? Nílẹ̀ Yúróòpù, tí ilà ojú táyà bá ti lọ sílẹ̀ ju 1.6 mm, kò bófin mu mọ́. Àwọn kan níbí wá ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ojú rẹ̀ jìn kó lè dà bí èyí tó kún, rọ́bà tó yẹ kó bo wáyà ni wọ́n sì ń gbẹ́ dànù yẹn. Táyà àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó wọlé fún irú mọ́tò tiwa yìí, àmọ́ ojoojúmọ́ là ń rí i lọ́jà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé pélébé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n táyà sí. Bó bá jẹ́ 225/45R17 91W, 91 yẹn ni pé táyà kan lè gbé 615 kg, W ni pé ó lè gba eré tó tó kìlómítà 270 ní wákàtí kan. Èèyàn lè ní kò sẹ́ni tó ń sá 270 lọ sí Oǹdó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru tí táyà lè fara dà ni lẹ́tà yẹn ń sọ, nítorí náà ẹ má rà á kó rẹlẹ̀ ju èyí tó bá ọkọ̀ wá. T ò ju 190 lọ, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Ẹ fọwọ́ ra inú táyà náà yíká: ilà ibi tó ti ká, tàbí etí tí kò rí roboto, èyí tí wọ́n ti ki bọ inú òmíràn nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Tí ọfà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá ibi tó kọjú sí ni kí táyà máa yí sí. Tí wọ́n bá kọ "OUTSIDE", ìta ni kó wà. Ọ̀pọ̀ fọ́kánáìsà kì í wò ó.

Àwọn IS 250 kan wà tí táyà ẹ̀yìn wọn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, 245 lẹ́yìn, 225 níwájú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé owó táyà tuntun mẹ́rin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lásìkò yìí. Bó bá jẹ́ méjì lówó yín ká, ẹ ra méjì gidi, ẹ sì gbé e sẹ́yìn, kódà bó jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnì ń yí, àfi àwọn tí ẹ̀yìn àti iwájú wọn kò dọ́gba, tí ìwọ̀n kálukú ní àyè tirẹ̀. Tí iwájú bá yọ̀ lójú òjò, ẹ lè yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tùù kí ọkọ̀ padà sọ́nà. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀, ó ti ń pòòyì kẹ́ ẹ tó mọ̀.