Ẹ̀jẹ̀ Ní Ń Bẹ Nínú Ká Tó Tutọ́ Funfun

Ẹ̀jẹ̀ ní ń bẹ nínú ká tó tutọ́ funfun jáde. Ẹni tí àwọn àgbà bá fẹ́ yìn ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún. Ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ bú láàárọ̀, tó tún kúnlẹ̀ kí i lálẹ́. Bàbá tí wọn ò sanwó oṣù fún, tó ṣì ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ pàlọ́ lẹ́yìn oúnjẹ: oríyìn wọn ni. Òun la fi ń kọ́ ọmọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ni à ń gbé sí gbangba. Ẹ̀kọ́ gidi ni, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù, nígbà tí ìsoríkọ́ mú un. Ìbéèrè kan wà tí a kì í bi òwe náà: ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yẹn, ta ló ń tọ́jú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta àdìrẹ ní Itòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá Itòkú ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ti bá wọn nájà rí á mọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ pè ọ́ lọ́kọ wọn, wọ́n á tú aṣọ sílẹ̀ lórí aṣọ, wọ́n á máa sọ orúkọ ọnà ara kọ̀ọ̀kan fún ọ, owó ọwọ́ rẹ á sì ti tán kí o tó rántí pé ńṣe lo kàn ń kọjá lọ. Lọ́dún kan, lásìkò ọyẹ́, mo yà kí wọn. Oòrùn ti kan àtàrí, ẹrù aṣọ ṣì wà ní dídì. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gbọ́wọ́ lé kókó okùn tí wọ́n fi di ẹrù náà. Mo ní, "Màámi, ẹ ò tíì pàtẹ?" Wọ́n ní, "Mo fẹ́ pàtẹ ni." Mo lọ jẹun, mo ṣe ohun tí mo bá wá sọ́jà, mo padà dé. Ọwọ́ wọn ò tíì kúrò lórí kókó yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Itọ́ funfun nìyẹn.

Nílé, ohun tí wọ́n sọ fún ìyá mi ò ju pé orí ń gbóná, ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, àyà ń já, oúnjẹ sì ń rí bíi pákó lẹ́nu. Wọn ò fìgbà kan sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Nítorí náà, ibà la kọ́kọ́ tọ́jú. Ibà ò lọ, wọ́n ní táífọ́ìdì ni. Wọ́n fa omi sí wọn lára ní ilé ìwòsàn kékeré kan, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò sì béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn. Bẹ́ẹ̀, oorun gan-an lọ̀rọ̀. Aago mẹ́ta òru ni ojú wọn ń là, wọ́n á sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́, àyà wọn á wúwo bí ẹni gbé ọlọ lé e. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rédíò. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá wọn. Ará ilé kan ní, "Ṣé ẹni tára rẹ̀ ò yá ló ń rẹ́rìn-ín lánàá yẹn? Ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n." Ẹni náà ò mọ̀ pé àìsàn yìí ní àkókò tirẹ̀: lára ọ̀pọ̀ èèyàn, òwúrọ̀ ló ń le jù, alẹ́ ló ń dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rín alẹ́ dájọ́ ẹkún òwúrọ̀.

Ìsoríkọ́ là ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní àárẹ̀ ọkàn. Mo fẹ́ràn orúkọ kejì, torí pé ó rán wa létí pé àárẹ̀ ni, bí àárẹ̀ ara ṣe jẹ́ àárẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ tó ń bá gbogbo ọmọ aráyé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, òótọ́ sì ni lára ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Opó tó ń ké á ṣì rẹ́rìn-ín bí àlejò bá rán an létí àwàdà olóògbé. Á tọ́ ọbẹ̀ wò, á mọ̀ pé ó ta. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú ń sunkún, kò sì ríran. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ rí omijé kankan sun. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe orin, ọjà tàbí ọmọ ọmọ, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ bí omi òjò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn dókítà fi ń wọ̀n ọ́n. Bí inú bá bàjẹ́ tàbí tí nǹkan kan ò bá dùn mọ́ èèyàn mọ́, ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́, tó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó tẹ̀ lé e: oorun tó dàrú, oúnjẹ tí kò wọlé tàbí tó ń wọlé jù, okun tó tán, ara tó ń falẹ̀ tàbí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn tí kò dúró lórí nǹkan kan, ẹ̀bi tí kò nídìí, èrò ikú. Márùn-ún nínú àmì mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lára Ìyá Itòkú ni ẹ̀bi yẹn. Wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní gèlè kan wà tí àwọn tà lówó gọbọi fún ìyàwó tuntun kan ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ọlọ́run fi kẹ̀yìn sí àwọn. Obìnrin tí mo mọ̀ pé ó máa ń fi aṣọ ta ọmọ òrukàn lọ́rẹ.

"Kí ló ṣe wọ́n gan-an?" Gbogbo ẹbí ló ń béèrè. Ọkọ wọn ti kú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọjà ń tà. Àwọn ọmọ ń pè wọ́n lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ìsoríkọ́ kì í fìgbà gbogbo ní ohun kan téèyàn lè nàka sí. Ó lè rìn nínú ìdílé, ó lè tẹ̀lé àdánù, ìṣẹ́, ìyà tí èèyàn jẹ ní kékeré, tàbí àìsàn bí àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀. Ó sì lè yọ wọlé nígbà tí ohun gbogbo ń lọ déédéé, èyí ló ń mú kí onítọ̀hún tijú jù, nítorí kò rí àwíjàre kankan wí.

Itọ́ funfun yìí ti tan ẹni tó kàwé ju ìdílé wa lọ. Ní 1953, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Carothers kọ ọ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ adúláwọ̀. Ní ọdún kejì, ọmọ Abẹ́òkúta kan, dókítà ọpọlọ tó ń jẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ní 1961, òun àti àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn, wọ́n bi wọ́n léèrè. Wọ́n bá àìsùn níbẹ̀, wọ́n bá àìlèjẹun, wọ́n bá ẹkún, wọ́n bá ọkàn tó ti rẹ̀. Àwọn ará abúlé mọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn pọ̀ ni wọn ò ní. Carothers rí itọ́. Lambo béèrè ẹ̀jẹ̀.

Ó dùn mí pé Arò yìí náà la wá sọ di èébú. "Wọn ò bá máa gbé e lọ sí Arò" ni ọmọdé fi ń bú ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Lambo ṣe níbẹ̀ kì í ṣe kó ti èèyàn mọ́lé. Ó ní kí aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn onílé nínú abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò máa dáná fún un, kó máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ nínú agbo ilé ni. Ẹ̀rù èébú yẹn ló mú kí ìdílé wa fi oṣù mẹ́rin ná owó lórí ibà.

Nọ́ọ̀sì kan ló rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó kàn bi wọ́n pé, "Màmá, aṣọ títà yín yìí, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ yín?" Ìyá Itòkú bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì náà ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ó fa àga, ó jókòó, ó dúró dè wọ́n. Lẹ́yìn náà ló tún béèrè pé, "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ tiẹ̀ má sí láyé mọ́?" Ìyá mi fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó rò pé ẹni tí kò ronú ikú ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ikú. Rárá o. Bíbéèrè kì í fi èrò ikú sí èèyàn nínú. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti wà níbẹ̀ lóun nìkan. Ìyá Itòkú ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òwe kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má pa létí ẹni tí àárẹ̀ ọkàn ń bá jà: ikú yá ju ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá tí kò fẹ́ dalẹ̀ ni. Létí ẹni tó ti gbà pé ẹrù ìnira lòun jẹ́ fún ẹbí rẹ̀, àṣẹ ló máa gbọ́. Òfin wa pàápàá ti dá kún un: abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti para rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó yí tirẹ̀ padà ní 2011, pé ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ rán onítọ̀hún lọ. Ní oṣù kìíní 2023, ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òfin ò lè dé yàrá tí èèyàn dá wà ní aago mẹ́ta òru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ lè dé ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ikú ń wu òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti ohun olóró kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ fojú sílẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun náà. Gbogbo wa la mọ abísínwín, torí pé ó máa ń pariwo. Èyí tí mò ń sọ kì í pariwo. Ó ń wẹ ọmọ, ó ń pọ̀n ọ́n, ó jó níbi ìkómọ. Lóru tí ọmọ bá ké, kò mọ nǹkan kan lára, ó ń rò pé ìyá mìíràn ló tọ́ sí ọmọ náà. Obìnrin ni àìsàn yìí ń mú jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkùnrin náà, a kàn ń pè é ní ìbínú tàbí ọtí.

Dókítà kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ìyá Itòkú, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan mìíràn, kó tó fún wọn lóògùn tí wọn ó máa lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó sọ fún wa ṣáájú pé kò ní tètè ṣiṣẹ́, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó lè tó mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, èébì ló ń gbé wọn, wọ́n fẹ́ dá a dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já a sọnù. Ẹ má já a. Ẹ padà lọ bá dókítà. Bí ara bá yá tán, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni èèyàn á tún fi lò ó kí dókítà tó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń lọ jókòó bá ẹnì kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, gèlè ọgbọ̀n ọdún yẹn náà wà nínú ohun tí wọ́n tú palẹ̀. Pásítọ̀ wọn ń gbàdúrà, wọ́n sì ń fi omi gbé oògùn mì. Méjèèjì ò bára wọn jà.

Àwa tó kù, iṣẹ́ wa ò ju kékeré lọ. A jáwọ́ nínú "ẹ mọ́kàn le". Ìyá mi ń gbé omi ìwẹ̀ gbígbóná kalẹ̀ láàárọ̀ láìsọ nǹkan kan. Èmi ń lọ bá wọn tú ẹrù lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á jókòó, èmi á pàtẹ, n ó sì máa ṣi orúkọ ọnà aṣọ pè. Ọjọ́ mìíràn dáa, ọjọ́ mìíràn tún burú ju tàná lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà. A jókòó yí àmàlà ká lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n bu òkèlè kan, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n dúró. A dákẹ́, a rò pé wọn ò tún ní jẹun mọ́. Wọ́n wo ìyá mi lójú.

"Ta ló se ọbẹ̀ yìí? Kò níyọ̀."

Ìyá mi dìde lọ mú iyọ̀ wá. Ó pẹ́ kó tó ti ilé ìdáná jáde.