Èsì wa sí bọ̀dá tó ní kò sí ẹran sísun gidi n'Ìbàdàn

Bọ̀dá wa láti Houston, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ráyè kọ nǹkan nípa wa. A ti kà á. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù súyà yìí ni mò ń dá yín lóhùn fúnra mi, mi ò gbé e fún ọmọọṣẹ́ kankan.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ka ohun tí bọ̀dá kọ, ìràwọ̀ kan ni wọ́n fún wa nínú márùn-ún. Wọ́n ní àwọn dúró ju wákàtí kan lọ, ẹran wa le, ata ti pọ̀ jù, kò sí sọ́ọ̀sì, ìwé ìròyìn la fi dì í. Wọ́n wá ní àlejò tó bá fẹ́ jẹ barbecue gidi, kó má wulẹ̀ yà sí Ìbàdàn, kó kúkú gba Èkó lọ. Ká ní ṣọ́ọ̀bù mi nìkan ni wọ́n bú, bóyá ǹ bá dákẹ́. Àmọ́ tó bá ti di pé ẹ fi orúkọ Ìbàdàn sí i, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi.

Sátidé ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ẹ wá. Ẹ ò kọ ọjọ́ yẹn síbẹ̀, èmi ò sì lè gbàgbé ẹ̀ torí ọjọ́ kejì Iléyá ni, Jímọ̀ ni Iléyá fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé nígbà Iléyá ẹran àgbò ló wà nílé kálukú, àwọn màlámù tó ń sun súyà náà á sì ti lọ bá ìyàwó àtọmọ wọn nílé. Màlámù wa àgbà, tó ti ń gé ẹran fún wa látìgbà tí mo ti ṣílẹ̀kùn, Kánò ló wà lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò ẹ̀ tó fi sílẹ̀ àti ọmọkùnrin tó ń bá wa gé àlùbọ́sà, àwọn méjì yẹn náà ló wà nídìí iná. A sì ti kọ ọ́ gàdàgbà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú, pé lọ́sẹ̀ Iléyá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀ sí tà. Bọ̀dá wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, a ò tíì ṣáná rárá, igi ṣì wà nílẹ̀. A sọ fún wọn pé ó máa pẹ́ o, wọ́n ní kò séwu, àwọn á jókòó, wọ́n ra mínírà, wọ́n ń tẹ fóònù. Aago mẹ́fà ò tíì lù tí ẹran àkọ́kọ́ fi kúrò nídìí iná, àwọn la sì kọ́kọ́ dá lóhùn. Èyí ló di "mo dúró ju wákàtí kan lọ" tí gbogbo ayé ń kà báyìí.

Ẹ ní ẹran wa le. Ẹran tí à ń tà, Amosun l'Akínyẹlé níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù la ti ń rà á, láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa sun ún gan-an. A kì í ta ẹran àná. Màlámù á kọ́kọ́ yọ gbogbo iṣan kúrò, á wá kó ọ̀bẹ tì í, á máa ṣí ẹran yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìjẹ́ kó já, ọwọ́ òsì ń fà á, ọwọ́ ọ̀tún ń gé e, títí tó fi máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé ẹ̀kọ. Ìgbà yẹn ló máa tó gún un mọ́ igi. Yájì ló kàn, a kì í sì í ra yájì alájàpá. Kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀ jáde dáadáa, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù, iyọ̀, màgí, ìyàwó màlámù ló ń gún un, ó ń sẹ́ ẹ, ó tún ń padà gún èyí tí kò bá kúná. Ẹran tiwa kì í sùn lórí wáyà. Òòró là ń gbé e sí, igi ẹ̀ á wà nínú ilẹ̀ yí iná ká, kó jẹ́ ooru ló ń sè é, kí ọwọ́ iná má bàa là á. Tó bá ti ń kán sínú eérú tó ń dún ṣìì, wọ́n á yí ẹ̀yìn ẹ̀ síná, wọ́n á wọ́n òróró ẹ̀pà sí i, wọ́n á tún wọ́n yájì lé e. Ta ló fẹ́ ká kánjú ṣe ìyẹn? Ẹni tó bá kánjú ẹ̀, ìta á jóná, inú á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ ni inú á run.

Bọ̀dá ní ẹran Texas máa ń rọ̀ débi pé ètè lásán lèèyàn fi ń gé e. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àbúrò mi ń gbé lọ́hùn-ún, mo ti jẹ brisket, ó sì dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ igẹ̀ màlúù ni brisket, odidi, wọ́n á gbé e sínú èéfín igi óòkù fún wákàtí mẹ́wàá, méjìlá, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná á máa rọra jó lábẹ́lẹ̀, bó ṣe ń rọ̀ nìyẹn. Súyà ò gba irú iná yẹn, ẹran fẹ́lẹ́ ni, iná líle ni, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kéèyàn rí nǹkan jẹ lẹ́nu kó tó gbé e mì. Tó bá ti rọ̀ bíi brisket, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín torí ó ti bà jẹ́. L'Austin, ní Texas yẹn náà, wọ́n ń tò láti àárọ̀ kùtù nítorí ẹran, wọ́n á gbé àga wá láti ilé, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn bínú sí olóúnjẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti jẹ́ tilé, a ò lè mú sùúrù?

Ọ̀rọ̀ ata ló dùn mí jù. Ọmọ wa bi yín pé "ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi yájì sí i dáadáa?" Ẹ ní "fi sí i jàre, ọmọ Ìbàdàn ni mí." Mo wà nídìí owó, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Ẹni tí ò bá jẹ ata, balángù wà, iyọ̀ la fi ń sun ún, kò ní yájì lára, ẹ sọ̀rọ̀ ni. Sọ́ọ̀sì kò sí, kò sì ní sí, àlùbọ́sà, tòmátì, kábéèjì àti yájì gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ohun tí à ń fi súyà jẹ nìyẹn. Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ rí, ẹ̀yìn fọ́ìlì ló wà, kí ooru má bàa tètè kúrò, kò fara kan ẹran rárá.

Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ ń bọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí lé yín sá. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò fẹ́ ra tiwa, ẹ lọ sí Sábó. Àwọn Hausa ti ń gbé ibẹ̀ láti 1916, kò jìnnà sí Mókọ́lá, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ má lọ lọ́sàn-án. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá kírun alẹ́ tán, kẹ́ ẹ wá wo ìdí ẹni tí àwọn màlámù fúnra wọn ti ń jẹun, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ yà sí. Ẹ ní kó bá yín fi tózò sí i, ẹran iké màlúù ni, ọ̀rá ẹ̀ máa ń dùn dénú egungun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó máa tọ́jọ́, ẹ ra kílíṣí, oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú yájì, kí wọ́n tó fi iná díẹ̀ kàn án (ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ jẹ ẹ́ tán níbí o, wọn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹran wọlé ní éépọ̀ọ̀tù yín). Àsun ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn ará Oǹdó ló ti wá, ewúrẹ́ ni, tawọtawọ ni wọ́n ń fi iná sun ún kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n wá yí i mọ́ ata rodo. Tí wọ́n bá pè yín sóde ìnáwó n'Ìbàdàn ní Sátidé, ẹ lọ, torí èyí tí wọ́n ń sun lẹ́yìn kánópì máa ń dùn ju tọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ lọ. Àwa náà ń ṣe àsun ní Sọ́ńdè.

Èkó tí bọ̀dá ní kẹ́ ẹ lọ, mo ti jẹ ti Obalende, mo ti jẹ ti Glover Court n'Íkòyí, wọ́n dára, kí Ọlọ́run bù sí i fún wọn. Àmọ́ ta ló ń sun ún níbẹ̀? Àwọn màlámù láti òkè Ọya náà ni, ọ̀bẹ kan náà, yájì kan náà. Kò sí nǹkan tó wà nínú ẹran Èkó tí kò sí nínú tiwa, àfi gosiló tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ ní kí n dá owó yín padà. Mi ò ní dá a padà. Igi mẹ́wàá ni ẹ rà ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ ẹ́ tán, kò ṣẹ́ ku àlùbọ́sà, ẹ tún ní ká di mẹ́rin sí i fún màmá yín nílé. Ohun tí mo lè ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá tún wọ̀lú, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá tá a fi kó o fún yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé, igi márùn-ún wà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, màlámù àgbà á sì fọwọ́ ara ẹ̀ sun ún. Ó ti dé láti Kánò, mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún un, kò dùn mọ́ ọn nínú rárá, ó lóun fẹ́ kẹ́ ẹ wá jẹ ẹ́ lójú òun.

Ní ti màmá yín, wọ́n rán ọmọ kan wá ní Túsìdeé tó tẹ̀lé e, ó ra igi mẹ́fà, ó ní màmá tí ọmọ wọn dé láti Houston ló rán òun, pé kí yájì ẹ̀ pọ̀ bíi tọjọ́ yẹn. Ẹ bá wa bi wọ́n bóyá ẹran náà le.