Mo mú olóúnjẹ lọ jẹun

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àwọn ilé oúnjẹ olówó gọbọi tó ń se oúnjẹ wa ní London ṣe yẹ̀yẹ́. Àwo gbàràmù, oúnjẹ ṣíún. Ìrẹsì ṣíbí méjì, wọ́n á ní kí ẹ san ohun tó lé ní 100 pọ́n-ùn. Mo ti kọ ọ́ síbí rí, ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lónìí.

Màmá mi ló fà á. Ọdún 31 ni wọ́n fi ta àmàlà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Wọ́n wá kí wa, ó sì bọ́ sí ìgbà tí wọ́n pé 70 ọdún. Ìyàwó mi ní ká má wulẹ̀ pe èèyàn sínú pálọ̀, ó ti gba tábìlì sílẹ̀ fún wa ní irú ilé oúnjẹ yẹn láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń ṣàlàyé fún Màmá pé oúnjẹ wa ti gbayì níbí o. Pé ní oṣù kejì ọdún 2024, Adejoké Bakare tó ni ilé oúnjẹ Chishuru gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tí ìwé atọ́nà Michelin ń fún ilé oúnjẹ tó bá dáńtọ́, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Pé ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ Akoko gba tiẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, èyí tó ń jẹ́ Ikoyi sì ti ní méjì láti 2022.

"Michelin wo? Ti táyà?"

Mo ní àwọn náà ni. Ìwé atọ́nà awakọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Faransé ní 1900, kí àwọn èèyàn lè máa wakọ̀ káàkiri, kí táyà lè máa jẹ.

"Àkànní, fọ́kánáísà ló wá ń bá wọn tọ́ ọbẹ̀ wò?"

A débẹ̀. Iná ibẹ̀ rí bàìbàì, Màmá ní ṣé wọn ò tíì sanwó iná ni. Wọn kì í béèrè ohun tí ẹ fẹ́ jẹ. Èyí tí wọ́n bá gbé wá ni ẹ ó jẹ, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n sì gbé e wá. Mọ́ínmọ́ín wọn ò ju ṣúgà St. Louis lọ. Mo ti ń dúró de èébú. Màmá fi sẹ́nu, wọ́n dijú.

"Ẹni tó bó ẹ̀wà yìí bó o. Èèpo kan ò sí níbẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, pẹ́pẹ́yẹ àti ìrú ni. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa ń fi Gẹ̀ẹ́sì imú ṣàlàyé ohun tí ìrú jẹ́. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Wóró ni àbí pẹ̀tẹ́?"

Gẹ̀ẹ́sì dàwátì. Ọmọ tó padà sọ fún wa pé Peckham, ní London níbí, ni wọ́n bí òun sí fi orúnkún kan kanlẹ̀, tòun ti àwo lọ́wọ́: "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀."

Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń se èso igi igbá láti alẹ́ mọ́jú, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, tí wọ́n á fọ̀ ọ́ ní àìmọye omi, tí wọ́n á tún un sè, tí wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Pẹ́pẹ́yẹ tutù pátápátá.

Ibẹ̀ lojú ti tì mí. Wàrà Faransé (cheese) tó ń rùn, owó ńlá là ń rà á, a ò ráhùn. Ìrú, tó ń gba gbogbo wàhálà yẹn, la fẹ́ kó máa pọ̀ bí omi òjò. Tí owó ò bá sí lọ́wọ́, ká jókòó sílé, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ ká má sọ pé oúnjẹ wa ò tó ohun tí wọ́n ń ta báyẹn.

Mi ò ní wọn ò lábùkù o. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wa lórí tábìlì, bíi ẹni yá bùbá. Kò sì sí "ẹ bù kún un", èyí tó dun Màmá ju owó lọ.

Bẹ́ẹ̀, owó náà tún dé. Wọ́n ti fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn tó gbé oúnjẹ fún wa. Màmá ní kí n tún un sọ.

"Ní Mọ́kọ́lá, èmi ni mò ń fún oníbàárà ní ẹ̀nì. Níbí, oníbàárà ló ń fún olóúnjẹ!"

Síbẹ̀, bí a ṣe ń jáde, mo rí wọn tí wọ́n ń ki nǹkan bọ ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́.

Mo rò pé tí a bá délé wọ́n máa ní kí n ro ẹ̀bà (ẹ̀yin náà ti ń retí rẹ̀, mo mọ̀). Wọn ò béèrè. Fóònù ni wọ́n gbé, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń bójú tó bùkà báyìí: láti àárọ̀ ọ̀la, kó fi 200 náírà lé mọ́ínmọ́ín.