Ta ló ní GMAT ẹlẹ́ẹ̀kejì ń dá àpá síni lára?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwa tá à ń wá MBA, ìyẹn oyè ìjìnlẹ̀ nínú ìmọ̀ òwò, lókè òkun, nípa GMAT, ìdánwò tí àwọn iléèwé òwò fi ń yan akẹ́kọ̀ọ́: "Má tún GMAT yẹn ṣe o! Bí àwọn iléèwé bá rí i pé o ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní orí ẹ ò pé." Odidi ọdún kan ni mo fi gbà á gbọ́.

WAEC la ti kó ẹ̀rù yìí. Àwọn yunifásítì kan nílé wa kì í gba èsì ìjókòó méjì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ìbẹ̀rù náà wọ inú ìdánwò tí kò bá WAEC tan rárá.

GMAT tí wọ́n ń ṣe báyìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ rí máàkì yín kẹ́ ẹ tó yan èyí tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́. Èyí tẹ́ ò bá fi ránṣẹ́, iléèwé ò ní rí i nínú èsì yín. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ lè tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 16, ó sì lè tó ìgbà 5 láàárín oṣù 12.

Àwọn kan tún wà tó ń sáré tún un ṣe láìnídìí. Máàkì ti yí padà o: 205 sí 805 ni, kì í ṣe 200 sí 800 mọ́. Ọmọ àdúgbò wa kan gba 655, ló bá ń sunkún torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba 700 lọ́dún 2018. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba 645 lónìí ti tó ẹni tó gba 700 nígbà yẹn.

Máàkì tẹ́ ẹ̀ ń gbà nílé ni kẹ́ ẹ wò. Èmi ń gba 635, 645 nínú ìdánwò ìgbáradì. Lọ́jọ́ gan-an, mo rì sínú ìbéèrè kan ní Data Insights, apá ìdánwò náà tó dá lórí ìtúpalẹ̀ dátà, ìṣẹ́jú 45 tó wà fún un tán mọ́ mi lọ́wọ́, mo gba 585. Irú ìyẹn yẹ ní títúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba 585 nílé, tó tún gba 585 níbẹ̀, ọjọ́ 16 ò lè sọ ọ́ di 675. Ìwé ló kù kó padà sí, ó sì lè gba oṣù mélòó kan. Owó ìdánwò náà ju 200 dọ́là lọ. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà ná.

Mo padà lọ, mo gba 645. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè 585 yẹn títí dòní.